Ojú Ìdíá: Ìbòjú FESTAC àti Àwọn Tó Ń Kó Ẹ̀dà Rẹ̀ Jọ

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1977, wọ́n ṣí Àjọ̀dún Kejì Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Ìran Adúláwọ̀ ní Èkó. FESTAC '77 ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọjọ́ 12, oṣù Kejì ni ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 ló rán aṣojú wá, àwọn olùkópa sì ju 15,000 lọ. Ibi yòówù kí àlejò yà sí ní Èkó lásìkò náà, ojú obìnrin kan ni yóò pàdé rẹ̀. Ó wà lára ìwé ètò, ó wà lára aṣọ, ó wà lára sítáǹpù, ó sì wà lára ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń so mọ́ àyà. Ojú Ìdíá ni, ìyá Ọba Esigie ti Ìbíní. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ojúlówó rẹ̀, London ni ojúlówó náà sì wà ní gbogbo ìgbà tí ìlù ń dún ní Èkó. Ẹ̀dà rẹ̀ ni Nàìjíríà ní lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀dà ìgbà náà, onídẹ, onígi àti eléyín erin, ni àwọn èèyàn ń wá kiri báyìí láti kó jọ sílé.

Kí ẹni tó ń ka èyí ní Ladjifarani ní Parakou má baà ṣì í mú, Benin tí à ń sọ níhìn-ín ni ìlú àwọn Ẹdó ní Nàìjíríà, èyí tí Yorùbá ń pè ní Ìbíní. Dahomey ni orúkọ ilẹ̀ Olómìnira Benin títí di ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 1975, nígbà tí ìjọba Mathieu Kérékou yí orúkọ náà padà. Kò ju oṣù mẹ́tàlá àbọ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn tí FESTAC fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Cotonou tiẹ̀ ní ìdí tiwọn láti rántí ọ̀sẹ̀ náà, nítorí pé ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣí àjọ̀dún ní Èkó gan-an, ìyẹn ọjọ́ 16, ni Bob Denard kó àwọn jagunjagun tó ń gbowó jà wá sí pápákọ̀ òfurufú Cotonou láti gbàjọba, tí wọn kò sì rí i gbà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni Esigie jọba. Ìyá rẹ̀, Ìdíá, kó ipa tó pọ̀ nínú ogun àti ọ̀rọ̀ ìlú tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi oyè Ìyọ́ba dá lọ́lá. Àwọn agbẹ́yín-erin ààfin gbẹ́ ojú rẹ̀, ọba a sì máa so ó mọ́ ara níbi ìrúbọ. Ìbòjú náà kò tóbi. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24 lọ, kò sì sí ẹni tó lè gbé e bojú rẹ̀ ríran. Irin ni wọ́n fi tẹ́ ẹyinjú rẹ̀. Ilà wà lókè ojú méjèèjì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sì sọ̀kalẹ̀ láàárín iwájú orí. Àwọn orí kéékèèké tó ní irùngbọ̀n ló tò sórí rẹ̀ bí adé: àwọn Potogí ni wọ́n ń ṣojú fún, tí wọ́n gba orí omi wá ṣòwò pẹ̀lú Ìbíní nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹ̀dà jọ gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ sọ́kàn, a óò padà sí i.

Kì í ṣe ìbòjú kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó Ìbíní ní oṣù Kejì ọdún 1897, tí wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, wọ́n bá irú rẹ̀ mélòó kan nínú yàrá ọba. Méjì tó lókìkí jù lọ bọ́ sọ́wọ́ Ralph Moor, tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní agbègbè náà. Lẹ́yìn tí Moor kú ní 1909, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Charles Seligman rà wọ́n. Ó ta ọ̀kan fún British Museum ní 1910. Ìkejì wà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ títí di 1958, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ tà á fún Nelson Rockefeller ní 20,000 pọ́n-ùn, láti ibẹ̀ ló sì ti dé Metropolitan Museum ní New York. Bí a bá wo méjèèjì fìrí, a ó rò pé ọ̀kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ti London, orí Potogí nìkan ló tò sókè rẹ̀; ti New York, orí Potogí kan, ẹja kan, orí Potogí kan, ẹja kan. Ti London ni FESTAC mú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà kì í ṣe tuntun ní Ìbíní. Ẹgbẹ́ àwọn asúdẹ ní àdúgbò Igun níbẹ̀ ti ń da idẹ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ọba ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Kó tó di 1897, ẹni tó bá da orí idẹ láìgba àṣẹ ààfin ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré. Ìgbà tí wọ́n dá oyè padà ní 1914, tí Eweka Kejì gorí ìtẹ́, ni nǹkan yí padà. Ọba náà fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́, ó ń gbẹ́gi, ó ń da idẹ. Ó jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọnà máa tà fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó. Àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba ni oníbàárà àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ̀dà orí ọba àti ti Ìyọ́ba ti wà nínú àpótí àwọn òyìnbó tó ń padà sílé kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣètò FESTAC.

Àwọn ayàwòrán ìgbà tuntun náà ò fi ojú yẹn sílẹ̀. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha tí wọ́n bí ní 1917, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ agbẹ́gilére, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Àárín 1954 sí 1955 ló ṣe Anyanwu, ère idẹ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dìde bí ẹni tó fẹ́ fò. Òòṣà oòrùn àwọn Ìgbò ló sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ àti ìmúra orí ayaba Ìbíní ló gbé lé e lórí. Iwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1957, ni wọ́n gbé e sí. Ní 1966 Nàìjíríà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ẹ̀dà rẹ̀, ó sì wà ní ilé àjọ náà ní New York. Enwonwu tún da àwọn kéékèèké fún àwọn tó fẹ́ fi sílé, àwọn wọ̀nyí sì ti wọ ọjà gbàǹjo ní London lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú gbogbo ẹ̀dà tí ayàwòrán ilẹ̀ wa fọwọ́ sí, Anyanwu ni ìtàn tirẹ̀ mọ́ jù, nítorí pé ẹni tó yàwòrán rẹ̀ náà ló dúró ti bí wọ́n ṣe dà á. Ti FESTAC kò rí bẹ́ẹ̀.

Àjọ̀dún àkọ́kọ́ wáyé ní Dakar ní oṣù Kẹrin ọdún 1966, lọ́dọ̀ Ààrẹ Senghor. Nàìjíríà ló kàn láti gbàlejò. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 dá ètò náà dúró. Lẹ́yìn ogun wọ́n fi í sí ìparí 1975, ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún yẹn ni àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, wọ́n sì tún sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n pa Murtala Muhammed ní oṣù Kejì 1976, Ọbásanjọ́ ló sì wá ṣe àjọ̀dún náà. Owó epo rọ̀bì wà nílẹ̀ dáadáa nígbà náà. Wọ́n kọ́ ilé sí àdúgbò tó ń jẹ́ Festac Town títí dòní, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn National Theatre sí Iganmu. Ilé-iṣẹ́ kan láti Bulgaria ló kọ́ gbọ̀ngàn náà, ààfin eré ìdárayá tó wà ní ìlú Varna lọ́hùn-ún ni wọ́n sì wò kọ́ ọ. Àjọ̀dún tó fi ẹ̀dà ìbòjú ṣe àmì, inú ilé tí wọ́n wo ilé mìíràn kọ́ ló ti wáyé. A kò lè sọ pé àwọn olùṣètò ń bẹ̀rù ẹ̀dà.

Ojúlówó ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Ìjọba Nàìjíríà kọ̀wé sí London pé kí wọ́n yá wọn ní ìbòjú Ìdíá lò fún àjọ̀dún. British Museum kọ̀. Wọ́n ní eyín erin náà ti gbó, pé bí ooru àti ọ̀rinrin ojú ọjọ́ bá yí padà, ó lè sán. Àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà gbé e pé wọ́n tún bèèrè owó ìdúró tó tó mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn èèyàn nínú gan-an. Ẹni tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ ń tọrọ rẹ̀ láti fi ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, wọ́n ní kó san owó ìdúró lé e. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kí wọ́n dá ohun ìní Ìbíní padà ti kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, tó di ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nínú bọ́ọ̀sì.

Ibi tí Erhabor Emokpae ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ìbíní ni wọ́n ti bí i ní 1934. Ayàwòrán ni, iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló sì ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ Lintas ní Èkó. Àwọn tó mọ̀ nípa àwòrán mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ti 1962 tó pè ní Struggle Between Life and Death, níbi tó ti pín ojú aṣọ sí funfun àti dúdú, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Emokpae ló ya àmì FESTAC. Kò kàn da ojú Ìdíá kọ. Ó mọ̀ pé àmì gbọ́dọ̀ hàn lára páálí ńlá, kó sì tún hàn lára sítáǹpù tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, nítorí náà ó gé ohun tí ojú kò nílò kúrò, ó fi ìlà tó le sílẹ̀. Iṣẹ́ tí Lintas kọ́ ọ hàn níbẹ̀ ju iṣẹ́ ààfin lọ. Ó kú ní 1984, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún.

Wọ́n tún ní kí agbẹ́yín-erin ará Ìbíní kan, Joseph Alufa Igbinovia, gbẹ́ ìbòjú tuntun tí yóò dúró dípò èyí tí London kọ̀ láti yá wọn. Ó gbẹ́ ẹ. Báyìí ni oríṣi ẹ̀dà méjì ṣe jáde lẹ́ẹ̀kan náà: ti Igbinovia tẹ̀ lé eyín erin àtijọ́, ti Emokpae jẹ́ àwòrán. Àwọn asúdẹ Igun, àwọn agbẹ́gi, àwọn tó ń ta nǹkan fún àlejò ní Èkó, wọ́n rí méjèèjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Ohun tí wọ́n tà fún àwọn àlejò FESTAC wà káàkiri ayé báyìí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò bá ti London mu délẹ̀, àmì Emokpae ni wọ́n wò ṣe é: ojú tẹ́jú, ìlà le, orí Potogí ti dín kù tàbí ó ti di ìlà lásán. Èrò tèmi ni pé irú wọ̀nyí ló yẹ kí olùkójọ fẹ́ràn jù, nítorí pé ọdún 1977 ló bí wọn. Ẹ̀dà tó bá tẹ̀ lé ojúlówó dáadáa, a lè ṣe é ní 1950, a sì lè ṣe é lánàá.

Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tó pẹ́? Kí a gbé onídẹ yẹ̀ wò ná. Ìda ni asúdẹ fi ń mọ ojú náà lé orí amọ̀; yóò fi amọ̀ mìíràn bò ó, yóò fi iná yọ́ ìda náà jáde, yóò sì da idẹ gbígbóná sí ibi tí ìda ti kúrò. Bí idẹ náà bá tutù, yóò fọ́ amọ̀ òde. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn ẹ̀dà àtijọ́ fi sábà máa ń ní amọ̀ dúdú tó ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀, tí ara rẹ̀ kò fi dọ́gba délẹ̀. Ìda kan, idẹ kan ni. Kò sí méjì tó jọra pátápátá. Àwọn kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á mú ẹ̀dà tó wà nílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú nǹkan, wọ́n á sì da òmíràn láti ara rẹ̀. Idẹ máa ń sún kì bó bá ń tutù, nítorí náà ọmọ á kéré díẹ̀ sí ìyá. Wọ́n á tún da òmíràn láti ara ọmọ. Nígbà tó bá tó ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, irùngbọ̀n àwọn Potogí á ti di kókó róbótó, ilà òkè ojú á ti rì. Ẹni tó bá mú òṣùwọ̀n àti ojú tó mọ́ lọ́wọ́ yóò rí i.

Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú. Idẹ tuntun tí a rì mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tàbí tí a fi oògùn pa lára lè dà bí ohun tó ti gbó. Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ìwé: àwòrán tí wọ́n yà nínú ilé nígbà náà, ìwé tí wọ́n fi rà á, lẹ́tà tó bá a dé, àkọlé FESTAC '77 tí wọ́n ti kọ sára ìda kí wọ́n tó da idẹ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣísẹ́lì kọ.

Níbòmíràn láyé, òfin ti gbìyànjú láti tún irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe. Nígbà tí Edgar Degas, ayàwòrán ọmọ Faransé, kú ní 1917, wọ́n bá ère ìda àti ère amọ̀ tó lé ní 100 nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Kò da ìkankan sí idẹ nígbà ayé rẹ̀. Àwọn àrólé rẹ̀ gbé e fún ilé ìdàdẹ Hébrard, wọ́n dà ju 70 lọ nínú wọn, ẹ̀dà 22 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogún nínú rẹ̀ gba àmì lẹ́tà A títí dé T fún títà, méjì tó kù jẹ́ ti àwọn àrólé àti ti adàdẹ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀kan mọ ibi tó bọ́ sí. Òfin Faransé wá là á sílẹ̀ pé ẹ̀dà idẹ tí a lè kà sí ojúlówó kò gbọ́dọ̀ ju 12 lọ, 8 tó ní nọ́ńbà àti 4 ti oníṣẹ́ ọnà. Láti 1981 ni wọ́n sì ti pa á láṣẹ pé kí èyí tó bá jẹ́ àwòkọ ní ọ̀rọ̀ náà gbàgàdà lára. Idẹ Igun kì í sábà ní orúkọ tàbí nọ́ńbà, nítorí pé ẹgbẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọba ló sì ń gba iyì rẹ̀. Àìsí nọ́ńbà nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ẹ̀tàn ló ń sọ ère di ayédèrú: ìgbà tí ẹnì kan bá mú idẹ ti ọdún tó kọjá, tó ní ọwọ́ àwọn sójà 1897 ló ti jáde wá.

Ti eyín erin ní ewu mìíràn. Láti ìparí ọdún 1989 ni àdéhùn àgbáyé ti fi òpin sí òwò eyín erin ilẹ̀ Áfíríkà láàárín orílẹ̀-èdè, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tún fi òfin tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 dí i pa. Ẹni tó bá ra ẹ̀dà eyín erin ti 1977, tó sì fẹ́ gbé e kọjá ibodè, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Òfin 77 ti ọdún 1979 kò gbà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kódà ẹni tó ń gbé àwòkọ lásán rìnrìn-àjò, ó dára kó gba ìwé lọ́dọ̀ wọn pé àwòkọ ni, kí aṣọ́bodè má baà dá a dúró.

Bí owó ojúlówó ṣe pọ̀ tó hàn ní ìparí 2010. Ilé gbàǹjo Sotheby's kéde pé òun yóò ta ìbòjú Ìdíá mìíràn tó wà lọ́wọ́ àrólé òyìnbó kan tó bá wọn lọ sí ogun 1897. Iye tí wọ́n fojú bù fún un jẹ́ mílíọ̀nù 3.5 sí 4.5 pọ́n-ùn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà nílé lóko figbe ta, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé. Lọ́dún 2022 ni Jámánì dá ohun Ìbíní tó lé ní 20 padà. Ti British Museum ṣì wà ní London.

Ìjọba dá ilé àkójọpọ̀ CBAAC sílẹ̀ ní Èkó ní 1979 láti tọ́jú ìwé, fíìmù àti ohun èlò FESTAC. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àlejò rà lọ sílé, ilé àdáni ló wà, àwọn tó rà á sì ń dàgbà, wọ́n ń kú. Ẹ̀yin tí ojú Ìdíá onídẹ kan wà lára ògiri ilé yín, tí bàbá tàbí ìyá yín gbé bọ̀ láti Èkó lọ́dún náà, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rà á, iye tí wọ́n rà á àti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti rà á, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti dáhùn.